Ta Ni Kọ́kọ́rọ́ Fóònù Yín Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ gbé fóònù yín sórí tábìlì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má ṣí áàpù kankan, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀ kí ẹ lọ jẹun. Kí ẹ tó jẹun tán, yóò ti ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ni ètò inú rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ọdún 2021, Ọ̀jọ̀gbọ́n Douglas Leith ti Trinity College ní ìlú Dublin, orílẹ̀-èdè Ireland, wọn ohun tó ń jáde láti inú fóònù Android àti iPhone tí ẹnikẹ́ni kò lò. Ó rí i pé, bí a bá pín in dọ́gba, ìṣẹ́jú 4 àbọ̀ kì í kọjá kí irú fóònù bẹ́ẹ̀ tó tún kàn sí Google tàbí Apple. Ó ní ohun tí Google ń gbà fi nǹkan bí ìlọ́po 20 ju ti Apple lọ. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù àti ti síìmù wà lára ohun tó ń lọ, kódà nígbà tí ẹni tó ni fóònù ti sọ pé òun kò fẹ́. Google tako ọ̀nà tó fi wọ̀n ọ́n, wọ́n sì ní bí fóònù òde òní ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni. Síbẹ̀, àwọn kan wà tí èyí kò tẹ́ lọ́rùn. Wọ́n á yọ ètò tí fóònù bá wá kúrò, wọ́n á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Orúkọ bíi GrapheneOS, LineageOS àti /e/OS ti ń dé etígbọ̀ọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa, pàápàá àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn oníròyìn àti àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́. Ẹni tó bá ń polówó rẹ̀ á ní, “Fi èyí sí i, kò sẹ́ni tó tún máa ṣọ́ ẹ mọ́.” Ìdajì òótọ́ nìyẹn. Ẹni tó pààrọ̀ ètò fóònù rẹ̀ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan, ó sì ti fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó ní ohun tó jèrè, ó sì ní ohun tó san. Èrè yẹn àti owó yẹn ni àlàyé yìí dá lé.

Onílé àti àwọn ayálégbé

Gbogbo fóònù ìgbàlódé ló ní ètò kan tó jẹ́ olórí gbogbo ètò yòókù. Òun ló ń darí kámẹ́rà, gbohùngbohùn, bátìrì àti síìmù. Òun náà ló ń sọ pé kí áàpù yìí wọlé, kí tọ̀hún dúró síta. Ètò adarí ni màá máa pè é.

Ẹ fi ojú ilé tí wọ́n ń yá gbé wò ó. Ètò adarí ni onílé. WhatsApp, Facebook, áàpù báńkì àti gbogbo áàpù yòókù ni ayálégbé. Kálukú wà ní yàrá tirẹ̀, bó bá sì fẹ́ dé yàrá ẹlòmíràn, ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè. Àmọ́ kò sí yàrá tí onílé kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí irú ẹni tí onílé jẹ́ fi ṣe pàtàkì ju ìwà ayálégbé kankan lọ.

Android ló wà nínú ọ̀pọ̀ jùlọ fóònù ilẹ̀ wa, apá méjì ló sì ní. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni AOSP, kóòdù tí Google ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti ọdún 2008. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè dà á kọ, ó lè tún un ṣe láìsan kọ́bọ̀. Apá kejì ni èyí tí Google kò ṣí sílẹ̀: Play Store, Maps, Gmail, àti èyí tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì, Google Play Services. Ẹ kò lè rí Play Services lójú fóònù bí ẹ ṣe ń rí WhatsApp, àmọ́ òun ló ń gbé ìfitónilétí wá fún àwọn áàpù, òun ló ń bá wọn wá ibi tí ẹ wà, òun ló sì ń jẹ́rìí fún báńkì pé fóònù yín pé. Nítorí iṣẹ́ wọ̀nyí, wọ́n fún un ní agbára tí áàpù lásán kò ní. Ayálégbé ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n onílé ti gé ẹ̀dà gbogbo kọ́kọ́rọ́ fún un.

Àwọn tó ń ṣe ètò adarí míràn máa ń mú ìpìlẹ̀ AOSP yẹn, wọ́n á yọ apá tí Google tì pa kúrò, wọ́n á sì fi tiwọn kún un. Bí kálukú ṣe ń ṣe é ló yàtọ̀.

Àwọn onílé tuntun

LineageOS ni àgbà wọn. Inú CyanogenMod ló ti jáde, iṣẹ́ tí Steve Kondik bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Cyanogen kógbá sílé ní ìparí ọdún 2016, àwọn olùyọ̀ǹda gba kóòdù náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní LineageOS. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kí ó mú fóònù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti pa tì, kó sì fún un ní Android tuntun.

Gaël Duval, ará Faransé tó dá Mandrake Linux sílẹ̀ ní ọdún 1998, ló bẹ̀rẹ̀ /e/OS. Orí LineageOS ni wọ́n kọ́ ọ lé. Dípò Play Services, microG ni wọ́n fi sí i. Ètò kékeré ni microG, kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ojú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa dáhùn bí áàpù bá pe Play Services, kí áàpù náà lè ṣiṣẹ́, láìkó gbogbo ìsọfúnni tí Play Services máa ń kó.

GrapheneOS gba ọ̀nà míràn. Daniel Micay, ọmọ ilẹ̀ Kánádà, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó dì í, ọdún 2019 ló sì gba orúkọ yìí. Fóònù Pixel, tí Google fúnra rẹ̀ ń ṣe, ni wọ́n kọ́ ọ fún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ á bi ara rẹ̀ pé, ẹni tó ń sá fún Google, kí ló ń wá nínú fóònù Google? Ìdí rẹ̀ ni pé Pixel gbà kí olówó rẹ̀ fi ètò míràn sí i, kí ó sì tún fi kọ́kọ́rọ́ tuntun ti ilẹ̀kùn náà padà. Ó tún ní ṣíìpù ààbò tirẹ̀ lọ́tọ̀, Titan M2, láti orí Pixel 6 lọ sókè. Lórí GrapheneOS, bí ẹ bá fẹ́ Play Services, ẹ lè gbà á wọlé. Láti ọdún 2021 ni wọ́n ti ṣe é kí ó lè wọlé bí ayálégbé lásán: kò ní ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ kankan, bó bá sì ń fẹ́ ohunkóhun, kí ó kan ilẹ̀kùn kó béèrè bí àwọn yòókù.

Ẹ kíyè sí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yìí. Pẹ̀lú microG, ohun tó ń lọ sọ́dọ̀ Google kéré, àmọ́ wọ́n ní láti fún microG láṣẹ àrà ọ̀tọ̀ kó lè dúró níbi tí Play Services ń dúró sí. Pẹ̀lú GrapheneOS, Play Services gan-an ló wà níbẹ̀, gbogbo áàpù sì ń rí ohun tí wọ́n ń wá, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Ẹnì kan fẹ́ kí Google má wọ ilé rárá. Ẹnì kejì ní kó wọlé, kó má ṣáà ti kọjá yàrá tirẹ̀.

Fóònù oní-Linux náà wà, bíi PinePhone àti Librem 5. Wọ́n ní ìtẹ̀ lára tó ń gé iná kámẹ́rà, gbohùngbohùn àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì kúrò pátápátá. Ṣùgbọ́n ògiri tó ya áàpù kan sí èkejì nínú wọn kò lágbára tó ti Android, áàpù tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń jẹun kò sì sí níbẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rí gbà

Èrè àkọ́kọ́ ni pé ohun tí fóònù ń sọ síta yóò dín kù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021 kan náà, Leith àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Edinburgh wo oríṣi Android mẹ́fà: ti Samsung, Xiaomi, Huawei àti Realme, pẹ̀lú LineageOS àti /e/OS. /e/OS nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ má rán nǹkan kan síta. LineageOS tí wọ́n fi áàpù Google sí ṣì ń kó nǹkan lọ fún Google. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ẹni tó bá lé àlejò gba iwájú jáde, tó tún ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún un, iṣẹ́ asán ló ṣe.

Ẹ má fojú kékeré wo ìsọfúnni nípa ibi tí ẹ̀dá ń rìn sí. Ní ọdún 2018, ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press túdìí rẹ̀ pé Google ṣì ń tọ́jú ibi tí àwọn èèyàn wà lẹ́yìn tí wọ́n ti pa Location History. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Google gbà láti san mílíọ̀nù 391.5 dọ́là fún ìpínlẹ̀ 40 ní Amẹ́ríkà kí ọ̀rọ̀ náà lè parí. Ibi tí fóònù yín bá ń sùn lálẹ́ ni ilé yín. Ibi tó bá wà ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tàbí ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀, ó ti sọ ẹ̀sìn yín. Bó bá sì ń dé ilé ìwòsàn kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ó ti sọ àìsàn yín.

Èrè kejì, tí mo gbà pé ó kàn wá ju ti Google lọ, ni agbára lórí àwọn ayálégbé. Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ áàpù ayánilówó kò tíì kúrò lọ́kàn ọ̀pọ̀ ìdílé. Ẹnì kan á yá owó táṣẹ́rẹ́, áàpù á ní kó jẹ́ kí òun rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, òun náà á tẹ “Allow” nítorí ebi ń pa á. Bí ọjọ́ bá pé tí owó kò sí, àtẹ̀jíṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sọ́dọ̀ àna rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀, àlùfáà rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ tí wọn kò tíì ríra láti ọdún mẹ́wàá, pé olè àti ọ̀dàlẹ̀ ni. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Lending Company lórí irú ẹ̀sùn yìí. Ní ọdún 2023, Google fòfin dè é pé áàpù ayánilówó inú Play Store kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan nọ́ńbà àti àwòrán àwọn oníbàárà mọ́. Àmọ́ òfin Play Store kò dé ọ̀dọ̀ áàpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp.

GrapheneOS ní irinṣẹ́ kan fún irú èyí tó ń jẹ́ Contact Scopes. Áàpù á béèrè àyè láti rí nọ́ńbà, fóònù á sọ fún un pé ó ti rí àyè gbà, àmọ́ orúkọ tí ẹ bá yàn nìkan ni yóò bá níbẹ̀. Bí ẹ kò bá yan ẹnikẹ́ni, ìwé òfìfo ló máa ká. Storage Scopes ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwòrán àti fáìlì. Ẹ tún lè gba íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ áàpù kan ṣoṣo, kí áàpù tí ẹ fi ń ka Bíbélì tàbí Kùránì má lè fọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá ṣí fóònù náà fún wákàtí 18, yóò pa ara rẹ̀ yóò sì tún ara rẹ̀ tàn, gbogbo ohun inú rẹ̀ á sì padà sínú àdììtú tí ẹlòmíràn kò lè kà títí ẹ ó fi tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà. Ìyẹn ń dààmú ẹni tó bá jí i gbé.

Èrè kẹta ni ẹ̀mí gígùn. Fóònù tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ kò rán àtúnṣe sí mọ́ lè tún lo ọdún mélòó kan lórí LineageOS. Fún ẹni tí kò lówó fóònù tuntun, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ohun tí ẹ ó san

Àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni náà mọ̀ pé àáké ń bẹ.

Báńkì ni ìṣòro kìíní. Bí ẹ bá ṣí áàpù báńkì, ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ bi Google léèrè pé, “Ṣé fóònù yìí ṣì wà bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ṣe é?” Play Integrity ni orúkọ ètò tó ń dáhùn. Kì í béèrè bóyá fóònù náà ní ààbò. Ohun tó ń béèrè ni bóyá Google ti fọwọ́ sí i. Nítorí náà, fóònù ọdún méje sẹ́yìn tí kò gba àtúnṣe mọ́ lè yege láwọn ibì kan, kí fóònù oní-GrapheneOS tó gba àtúnṣe lánàá sì kùnà. Àwọn áàpù báńkì kan á ṣiṣẹ́, àwọn kan á ṣí kí wọ́n tún pa dé. Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ àfi kí ẹ dán tiyín wò. Àwọn èèyàn wa ní London tó ń fi Google Wallet inú fóònù san owó ọkọ̀ á pàdánù ìyẹn, wọ́n á sì padà sí káàdì.

Ní ilé, kóòdù USSD ṣì wà, nítorí pé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbà, kò bá ètò adarí ṣe. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá tẹ̀ sínú USSD kò sí nínú àdììtú láti ọ̀dọ̀ yín dé báńkì bíi ti áàpù. Ọwọ́ ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń gbà kọjá. Ẹ sá kúrò lójú ẹnì kan, ẹ bọ́ síwájú ẹlòmíràn.

Ìfitónilétí ni ìkejì. Ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ni Google ṣí fún gbogbo áàpù láti fi kan ilẹ̀kùn fóònù. Ó ń dá bátìrì sí, ó sì yá. Bí kò bá sí, áàpù kọ̀ọ̀kan á máa la ọ̀nà tirẹ̀: Signal mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àmọ́ bátìrì á sanwó rẹ̀. WhatsApp náà á ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n rán láàárọ̀ lè pẹ́ kó tó dún. Àwọn áàpù míràn kò ní dún rárá. Ojú ọ̀nà Google yẹn náà ní àléébù tirẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Sẹ́nétọ̀ Ron Wyden ti Amẹ́ríkà kọ̀wé síta pé àwọn ìjọba kan ń gba àkọsílẹ̀ ìfitónilétí lọ́wọ́ Apple àti Google.

Wíwá ibi tí a wà ni ìkẹta. Fóònù lásán kì í dúró de sátẹ́láìtì. Ó ń wo orúkọ Wi-Fi tó yí i ká, Google á sì sọ àdúgbò tó wà fún un. Ẹni tí kò lo Google lè ní láti dúró kí fóònù gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì, èyí sì máa ń pẹ́ nínú ilé alájà. Mozilla ní irú àkójọ Wi-Fi bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn, microG sì gbára lé e, àmọ́ wọ́n ti í pa ní ọdún 2024. Ẹni tó ń fi fóònù wa ọ̀kadà tàbí táksí orí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó rò ó dáadáa.

Àṣírí ọ̀tọ̀, ààbò ọ̀tọ̀

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Àṣírí ni pé kí onílé má máa sọ ọ̀rọ̀ yín níta. Ààbò ni pé kí olè má lè wọlé. Èèyàn lè rí ọ̀kan kó pàdánù èkejì.

Bootloader ni ètò kékeré tó máa ń kọ́kọ́ jí nígbà tí ẹ bá tan fóònù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo òǹtẹ̀ ara ètò adarí, kó sì rí i pé kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kí ẹ tó lè fi ètò míràn sí fóònù, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí bootloader, ìyẹn á sì pa gbogbo ohun inú fóònù rẹ́. GrapheneOS máa ń ní kí ẹ tún un tì lẹ́yìn tí ẹ bá parí, kí ó lè máa wo òǹtẹ̀ tuntun. Lórí ọ̀pọ̀ jùlọ fóònù tó ń lo LineageOS, ṣíṣí ló máa ń wà. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní ráyè wọ̀ ọ́. Ẹni tí fóònù tí bootloader rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bá bọ́ sí lọ́wọ́ lè fi ètò tó ti bà jẹ́ sí i, kó dá a padà fún yín, kí ẹ máa lò ó lọ láìfura.

Ṣíìpù inú fóònù tún ní ètò tirẹ̀ tí Qualcomm tàbí MediaTek tì pa. Bí ilé iṣẹ́ ṣíìpù kò bá ṣe àtúnṣe mọ́, LineageOS lè kun ojú ilé, kó pààrọ̀ páànù, kò lè fọwọ́ kan ìpìlẹ̀. Fóònù àtijọ́ náà sàn ju bó ṣe wà lọ, àmọ́ kò di tuntun.

Àwọn onílé tuntun wọ̀nyí náà kò pọ̀, owó wọn kò sì pọ̀. CalyxOS jẹ́ ọ̀kan tí àwọn èèyàn fọkàn tán. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, àwọn tó ń ṣe é kéde pé àwọn dáwọ́ àtúnṣe dúró fún ìgbà kan, wọ́n sì gba àwọn tó ń lò ó níyànjú láti fi ètò míràn sí fóònù wọn. Ẹni tó ti kó ẹrù rẹ̀ síbẹ̀ ní láti tún kó o jáde. Google fúnra rẹ̀ ló ṣì ni ilẹ̀ tí gbogbo wọn kọ́lé sí: láti ọdún 2025 ni wọ́n ti ń kọ Android ní kọ̀rọ̀, tí kóòdù rẹ̀ kì í jáde síta àfi tí iṣẹ́ bá parí. Nígbà tí Android 16 jáde lóṣù kẹfà ọdún yẹn, kóòdù tó ń mú un bá ara Pixel mu kò bá a jáde. Iṣẹ́ àwọn onílé kékeré wá di ìlọ́po.

Ohun tí onílé kankan kò lè fi pamọ́

Bí ẹ bá fi síìmù sínú fóònù, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó sún mọ́ yín mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀. Kò sí bí ìpè ṣe lè dé ọ̀dọ̀ yín bí kò bá mọ̀. Láti oṣù kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba Nàìjíríà ti pàṣẹ pé kí gbogbo síìmù so mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè. Nítorí náà, òpó náà mọ nọ́ńbà, nọ́ńbà sì mọ orúkọ, ọjọ́ ìbí àti ojú yín. GrapheneOS kò yí ìyẹn padà, /e/OS kò yí i padà. WhatsApp ń fi àdììtú bo ohun tí ẹ sọ, àmọ́ Meta, ilé iṣẹ́ tó ni ín, mọ ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ àti ìgbà tí ẹ sọ ọ́. Bí ẹ bá sì wọlé sínú Gmail àti Facebook lórí ètò tuntun, ẹ̀yin náà lẹ fẹnu ara yín júwe ilé fún wọn.

Ní ọjà tiwa

Tecno, Infinix àti itel kún ọwọ́ wa, ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Transsion, ti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà. Díẹ̀ péré nínú wọn ni àwọn olùyọ̀ǹda ń ṣe ètò adarí fún. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, Secure-D, ẹ̀ka ààbò ilé iṣẹ́ Upstream, kéde pé àwọn bá kòkòrò Triada àti xHelper nínú fóònù Tecno W2 tí wọ́n tà ní Ghana, Cameroon àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà míràn, tó ń gé owó àwọn èèyàn láìsọ fún wọn. Transsion ní ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ń bá àwọn pèsè ètò ló ti wọlé. Ìròyìn yìí fi hàn pé onílé tí ó bá fóònù wá náà yẹ lẹ́ni tí à ń bi léèrè ọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdí láti gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni tó bá ní òun á fi Android tuntun sí i fún yín ní 5,000 náírà. Ètò tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é léwu ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ. Ojúlé àwọn tó ṣe ètò náà gan-an ni kí ẹ ti gbà á. Bí orúkọ fóònù yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ Pixel, tòkunbọ̀ ló sábà máa rà, ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wọlé. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ ní kí wọ́n so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, About phone, ẹ tẹ Build number lẹ́ẹ̀méje kí Developer options lè jáde, kí ẹ sì wo OEM unlocking níbẹ̀. Bí kò bá ṣeé tàn, ó lè jẹ́ ti Verizon ní Amẹ́ríkà, ilé iṣẹ́ yẹn kì í sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí bootloader Pixel tí wọ́n bá tà. Ẹni tó bá ní òun mọ bí wọ́n ṣe ń já a, ẹ má gbà á gbọ́. Ẹ tún wo ọjọ́ orí rẹ̀: láti orí Pixel 8 tó jáde ní ọdún 2023 ni Google ti ń ṣèlérí àtúnṣe ọdún 7, àwọn tó ṣáájú kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ta ni kí ó pààrọ̀?

Oníròyìn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ àwọn alágbára, agbẹjọ́rò tó ń tọ́jú àṣírí oníbàárà, ajàfẹ́tọ̀ọ́, obìnrin tó ń sá fún ọkọ tó ń ṣọ́ ọ: fún irú wọn, Pixel pẹ̀lú GrapheneOS yẹ fún ìnira tó máa mú wá. Kí wọ́n ní fóònù kejì fún áàpù báńkì. Ẹni tí fóònù rẹ̀ ti gbó, tí kò sì sí owó inú rẹ̀, kí ó wo LineageOS tàbí /e/OS, kó ṣáà mọ̀ pé àṣírí lòun ń wá, ààbò lè máà tó. Ìyá tó ń fi fóònù gba owó ọjà, tó ń fi bá ọmọ rẹ̀ tó wà ní Peckham sọ̀rọ̀ lálaalẹ́, kí ó fi ètò tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Bí àtúnṣe bá ń wọlé sí fóònù rẹ̀, tó sì ń kíyè sí àwọn ayálégbé inú rẹ̀, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà.

Iṣẹ́ yẹn kò gba ju ìṣẹ́jú 10 lọ, kò sì náni ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Privacy, ẹ ṣí Permission manager. Ẹ tẹ Contacts, ẹ ka orúkọ áàpù tó wà níbẹ̀, ẹ gba àyè lọ́wọ́ èyí tí kò nílò rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Location, Microphone àti Camera. Ẹ wá Ads, ẹ pa Advertising ID rẹ́. Áàpù tí ẹ kò lò láti ọdún tó kọjá, ẹ yọ ọ́ dànù.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Contacts lálẹ́ òní. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiyín nìkan. Nọ́ńbà ìyá yín, ti dókítà yín, ti ọ̀rẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ àṣírí lọ̀ yín, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó wà nítòsí lọ́jọ́ tí ẹ tẹ “Allow”.